Alátalẹ̀ àti Ìjọba Inú Ilé Rẹ̀

Atalẹ̀ tó bá gbẹ máa ń dún. Ohun àkọ́kọ́ tí Alátalẹ̀ ń kọ́ ẹni tó bá wá bá a ṣiṣẹ́ nìyẹn. Á mú ègé kan sáàárín ìka, á ṣẹ́ ẹ sí méjì. Bó bá dún pà, ó ti gbẹ. Bó bá tẹ̀ bí etí ọmọ ọwọ́, kó padà sínú oòrùn. Kò sí àlàyé kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Orí ilẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì tẹ́ sẹ́yìn ilé ló ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti ń rá kòrò. Á ra atalẹ̀ tútù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, á fọ̀ ọ́, á gé e, á sá a, á dì í sínú àpò, á sì kó o lọ fún Aṣojú, ọkùnrin kan tó ní ọ́fíìsì létí èbúté, tó ń bá àwọn ará òkè òkun ra nǹkan oko. Àwọn ará òkè òkun ń san dọ́là fún Aṣojú. Aṣojú yóò yọ tirẹ̀, yóò sì san dọ́là tó kù fún Alátalẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń sọ pé kì í rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, inú ló ti ń rín in, torí pé àwọn tó ń pa á lẹ́rìn-ín kò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ làwọn ń ṣe.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń jókòó sí. Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ló ń tà, àti bẹ́líìtì, mọ́tò kéékèèké, òróró ẹ̀rọ, àti irin róbótó tí àwọn télọ̀ ń ká òwú sí. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó gbogbo rẹ̀ wá. Kò sí ẹyọ kan nínú ọjà náà tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ yìí, àfi eruku tó wà lórí rẹ̀. Lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló ti jogún ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì jogún òfin kan mọ́ ọn: rà á, fi ìdámẹ́ta lé e, tà á, lọ sùn. Bàbá rẹ̀ gbé ayé nígbà tí owó dúró sójú kan bí òpó ilé. Òfin náà sì dára fún ìgbà náà. Agbòòrùn dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣí i sínú odò kò gbọdọ̀ bá agbòòrùn jà.

Àwọn méjì ló ń bá Alábẹ́rẹ́ jókòó láràárọ̀. Ọ̀kan ni Káfíńtà, tí iṣẹ́ káfíńtà ti kọ̀ sílẹ̀ kí òun náà tó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èkejì ni Rédíò, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń sọ ìròyìn kí ìròyìn tó ṣẹlẹ̀. Kò sí ẹni tó ti fọwọ́ kan dọ́là rí nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀ dọ́là bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àna tó rí wọn lọ́nà tí kò kí wọn.

"Ìjọba ti dín iye owó wa kù," ni Rédíò wí láàárọ̀ ọjọ́ kan. "Dọ́là tí wọ́n ń fi mẹ́wàá rà tẹ́lẹ̀, mẹ́rìndínlógún ni báyìí. Ìgboro sì ti tún gbé e kọjá ibi tí ìjọba gbé e dé."

"Ewúrẹ́ tí wọ́n bá tú lókùn kì í wá olówó rẹ̀," ni Káfíńtà fèsì. "Iṣu ló ń wá."

Alátalẹ̀ ń lọ sí oko lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ti ń dúró dè é, ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́. Ó yà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá wọn, ẹ má tíì ta nǹkan kan o. Ẹ jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀."

Alábẹ́rẹ́ wo ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó tó dá a lóhùn. "Láti ìgbà wo ni alátalẹ̀ ti ń kọ́ alábẹ́rẹ́ lọ́jà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alátalẹ̀ wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ìgbà tó fi máa padà dé, ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Àwọn páálí tó kún pẹpẹ bámúbámú kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìṣó tí wọ́n ń fi bẹ́líìtì kọ́ yọrí síta lára ògiri bí eyín arúgbó. Ọkọ rẹ̀ jókòó láàárín òfìfo náà, ó dé fìlà tuntun, àpò owó méjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá wọn, káàbọ̀. O rí ṣọ́ọ̀bù? Wọ́n gbá a mọ́ fínnífínní."

"Mo rí i. Ṣé olè ni àbí oníbàárà?"

"Oníbàárà ni o. Láyé mi, n ò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti ń rò ó pé kí n ṣe òrùlé ilé wa."

"Èló lẹ tà á?"

"Iye tí à ń tà á. Mo fi ìdámẹ́ta lé e. Mo tiẹ̀ fún àwọn kan ní èènì."

Alátalẹ̀ gbé ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. "Ṣé wọ́n ná an?"

Alábẹ́rẹ́ ronú díẹ̀. Kò tíì rò ó láti apá ibẹ̀. "Wọn ò ná an. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ owó ni wọ́n ń kà sílẹ̀."

"Télọ̀ tó máa ń ná abẹ́rẹ́ ẹyọ kan láti àárọ̀ títí dọ̀sán, tó wá ra odidi páálí láìná an. Ṣé ìfẹ́ yín ló dédé wọ̀ ọ́ lára ni?"

Alábẹ́rẹ́ tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó sọ pé àárẹ̀ ọ̀nà ló ń bá a jà, kó lọ wẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni Alábẹ́rẹ́ gbé àpò méjèèjì lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò ńlá tó ń kó ọjà wọ̀lú, kó lè ra òmíràn sípò èyí tó tà. Kẹ̀kẹ́ ẹrù ló háyà lọ. Ẹsẹ̀ ló fi rìn bọ̀, abíyá rẹ̀ ló sì fi gbé gbogbo ohun tó rà. Owó ọjà tó kún ilé fọ́fọ́ ti di ẹrù tí apá kan lè há mọ́ra. Ó tò ó sórí pẹpẹ, kò kún ìdajì pẹpẹ kan. Ó tún un tò, ó fi àlàfo sáàárín wọn kí ó lè dà bíi pé wọ́n pọ̀. Èrè ló pè é. Ó jèrè, ó jèrè, títí kò fi ku nǹkan tó máa tà.

Àwọn télọ̀ tó rà á ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé owó ìránṣọ sókè. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n rà ní iye àná ni wọ́n ń fi ránṣọ ní iye ọ̀la, bí ènìyàn bá sì béèrè ìdí, wọ́n á ní dọ́là ni. Gbogbo ayé ló ní dọ́là ni. Awakọ̀ ní dọ́là ni, torí táyà. Ẹni tó ń ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní dọ́là ni, ó sì jẹ́ òótọ́ lẹ́nu tirẹ̀. Obìnrin kan ní ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tirẹ̀ ní ọjọ́ kan, kó fo ọjọ́ kan. Onílé ṣọ́ọ̀bù náà dé, ó ní òun ti fi owó kún owó ilé, dọ́là ni.

"Ṣé dọ́là ni bàbá yín fi kọ́ ilé yìí ni?" ni Alábẹ́rẹ́ bi í.

"Kò sí ẹni tí dọ́là ò kàn, ọ̀gá," ni onílé wí. "Bí oṣù yìí bá parí tí n ò rí owó mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé àga yín jáde."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Alábẹ́rẹ́ kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Bí ṣọ́ọ̀bù náà bá lọ, òun náà á di ọ̀kan nínú àwọn tó ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù olóṣọ́ọ̀bù. Alátalẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ pé ọkùnrin tí kò bá ní ibi tó ń lọ láàárọ̀ á wá jókòó sẹ́yìn ilé, á máa bá òun da atalẹ̀ rú, á sì máa sọ bí wọ́n ṣe ń sá a. Kò fẹ́ ẹ fún un. Kò sì fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Alábẹ́rẹ́ kò wá owó. Ó ń retí. Ọ̀mọ̀wé kan ti sọ lórí afẹ́fẹ́ pé kí ará ìlú fi ọkàn balẹ̀, pé bí owó wa ṣe rọ̀ yìí, ọjà wa ló rọ̀ lójú àwọn ará òkè òkun, wọ́n á rọ́ wá rà á, àwa náà á sì máa ṣe abẹ́rẹ́ tiwa. Rédíò gbé ọ̀rọ̀ náà wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Abẹ́rẹ́ tiwa," ni Alátalẹ̀ wí, kò gbójú sókè níbi tó ti ń rán ẹnu àpò. "Irin rẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á rà á wá."

"Ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi ṣe é ńkọ́?"

"Wọ́n á rà á wá náà."

"Kí ni wọ́n máa fi rà á?"

Rédíò wo Káfíńtà. Káfíńtà wo ojú ọ̀run.

Ó sì dun Alátalẹ̀ jù pé ìlàjì ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé náà kì í ṣe irọ́. Dọ́là kan náà tí Aṣojú ń san fún un ti di owó tó pọ̀ nígboro. Fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ ń rí èrè. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbẹ̀ gbọ́, torí pé àgbẹ̀ náà ní fóònù, wọ́n sì gbé owó atalẹ̀ sókè. Owó ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Owó àpò tẹ̀ lé e, àti okùn tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò, tó jẹ́ pé òkè òkun ló ti ń bọ̀ wá, tó sì tún ń fi ara rẹ̀ di atalẹ̀ padà sí òkè òkun. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn lè jó sí. Ṣùgbọ́n ó kù, dọ́là ni, ó sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀.

Nígbà tí oṣù ku díẹ̀ kó parí, ọkọ rẹ̀ pè é sí pálọ̀. Ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ ìpàdé.

"Ìyá wọn, jókòó. Mo fẹ́ bá ọ ṣòwò."

Alátalẹ̀ jókòó.

"Dọ́là tí Aṣojú san fún ọ, kó o kó o fún mi. N ò ní kó o fi ta mí lọ́rẹ. Màá san owó wa fún ọ. Màá fi ra ọjà, màá san owó ilé, ọ̀rọ̀ á parí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iye wo?"

Alábẹ́rẹ́ wúkọ́. "Iye ìjọba."

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: iye méjì ló wà nígbà náà. Iye ìjọba wà lára pátákó ní ilé ìfowópamọ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, ó sì rọjú púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ní òun fẹ́ rà níbẹ̀, wọ́n á ní kò sí, àfi bó bá jẹ́ ẹni tó mọ ẹni tó mọ ènìyàn. Iye ìgboro ni gbogbo ayé ń rà, òun ló sì wọ́n. Àtẹni tó ń ra oògùn, àtẹni tó ń ra abẹ́rẹ́, iye ìgboro ló wà nínú ohun tí wọ́n ń san, bí wọ́n mọ̀, bí wọn ò mọ̀.

"Ìjọba gan-an ò ta dọ́là fún yín ní iye ìjọba," ni Alátalẹ̀ wí. "Èmi ni kí n wá tà á?"

"Ọkọ rẹ ni mí."

"Mo mọ̀. Ìjọba náà ní bàbá wa làwọn."

"Ṣé iye ìgboro lo máa wá fi bá ọkọ rẹ ná ọjà nínú ilé?"

"Àgbẹ̀ tó ta atalẹ̀ fún mi, ṣé iye ọkọ ló tà á ni? Bàbá wọn, ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá gba iye ìjọba lọ́wọ́ yín, owó yẹn ò ní ra ìdajì atalẹ̀ tí mo fi rí dọ́là yẹn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, n ò ní lè ra ìdajì ìdajì. Bí n ò bá wá rí atalẹ̀ rà mọ́, kò ní sí dọ́là nínú ilé yìí. Ta lẹ ó wá máa ṣe ìjọba lé lórí?"

Alábẹ́rẹ́ dìde, ó ní òun á fi ẹjọ́ rẹ̀ sun Àǹtí Àgbà.

Àǹtí Àgbà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó máa ń dá ẹjọ́ ilé náà, tí kì í sì í gbọ́ ẹjọ́ kó tó dá a. Ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé báàgì rẹ̀ sórí itan. Alátalẹ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó bu omi fún un.

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé o ti di ilé ìfowópamọ́."

"Ẹ káàbọ̀, Àǹtí."

"Owó tí ọkọ ò lè rí ná nínú ilé ara rẹ̀, orúkọ wo là ń pè é? Àbúrò mi ò ní o ò gbọdọ̀ jèrè. Iye tí ìjọba fọwọ́ sí ló fẹ́ san fún ọ. Ṣé o wá ju ìjọba lọ ni?"

"Rárá o, Àǹtí. Ọmọ yín tó wà lókè òkun ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń rántí ilé?"

Ojú Àǹtí Àgbà tàn. "Á, ọmọ dáadáa ni. Oṣooṣù ló ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ọlọ́run á bá mi dá a sí."

"Àmín. Iye wo lẹ ń pààrọ̀ rẹ̀?"

Àǹtí Àgbà mu omi. Ó mu ún pẹ́.

"Ìyẹn yàtọ̀," ló wí nígbà tó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀. "Ọmọ tèmi ló fi ránṣẹ́ sí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ tèmi náà ni atalẹ̀ ń ta."

Alábẹ́rẹ́ ti yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń gbè sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ ni. "Àǹtí, iye wo lẹ ń pààrọ̀ rẹ̀?"

"Ọkùnrin kan wà tó ń bá mi pààrọ̀ rẹ̀ nígboro. Ṣé kí n máa jẹ ìyà ni?"

"Nígbà tí mo wá yá owó lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́sí, ẹ ní kò sí owó lọ́wọ́ yín."

"O ò sọ pé dọ́là lo ń wá. Owó lo ní."

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí wọ́n ti dì láti ọdún gbọ́nhan. Alátalẹ̀ fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ da atalẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó padà, Àǹtí Àgbà ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni," ló wí lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ yanjú ẹ̀." Ìdájọ́ náà nìyẹn.

Lẹ́yìn tó lọ ni Alátalẹ̀ sọ tirẹ̀. "N ò ní ta dọ́là fún yín. Èmi fúnra mi ni n ó fi ra ọjà, n ó kó o sí ṣọ́ọ̀bù, n ó sì san owó ilé. Ẹ̀yin lẹ mọ abẹ́rẹ́, n ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa tà á. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, èmi ni n ó máa dá iye lé e."

"Kí n wá di ọmọ iṣẹ́ ìyàwó mi."

"Kí ẹ di ẹni tó níṣẹ́."

Ó kọ̀. Ó ní ká má tún dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níbi tí òun bá wà. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó ti páálí díẹ̀ tó kù, ó ń retí kí owó wa jí dìde. Rédíò ní ó máa jí dìde. Káfíńtà ní òkú tó bá máa jí, kì í jẹ́ kí wọ́n sin òun.

Nígbà tó di ìparí oṣù, onílé mú ọkùnrin kan wá, ọ̀dọ́ kan tó ń ta fóònù. Ọ̀dọ́ náà kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fa téèpù yọ lápò, ó wọn ẹnu ọ̀nà. Ó ní gíláàsì lòun máa fi ṣe ilẹ̀kùn. Ó wọn ògiri. Ó wá dé ibi tí Alábẹ́rẹ́ jókòó sí, ó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀."

Alábẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Téèpù gba abẹ́ àga rẹ̀ kọjá. Káfíńtà ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Rédíò, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kò ní ìròyìn. Nígbà tí téèpù ti kọjá, Alábẹ́rẹ́ rọra gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí onílé fún òun ní wákàtí kan, ó bá gba ilé lọ. Ẹ̀yìn ilé ló ti bá ìyàwó rẹ̀ tó ń kó atalẹ̀ jọ.

"Ìgbà wo lo máa lọ ra ọjà yẹn?" ló wí.

Alátalẹ̀ kò ní "mo sọ ọ́". Ó fọwọ́, ó pààrọ̀ aṣọ, ó sì lọ bá onílé.

Báyìí ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣe kún padà. Láràárọ̀, kí àwọn télọ̀ tó dé, Alátalẹ̀ á ti pe àwọn tó ń pààrọ̀ owó, á ti pe oníṣòwò ńlá, á sì sọ iye fún ọkọ rẹ̀. Kì í wo iye tó ra ọjà tó wà nílẹ̀. Iye tó máa ná wọn láti ra irú rẹ̀ padà ló ń wò. Ó bí Alábẹ́rẹ́ nínú bí ẹni pé wọ́n ń kọ́ ọ ní olè jíjà.

"Abẹ́rẹ́ kan náà ni," ni ó máa ń wí. "Ṣé ó sanra sí i lójú oorun ni?"

Àwọn télọ̀ náà kò dákẹ́. Obìnrin kan tó ń rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ dúró níwájú pẹpẹ, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Bàbá, abẹ́rẹ́ yín ń dàgbà o. Nígbà tí mo wá ní ìjẹta, ọmọ jòjòló ni."

"Ẹ bi ọ̀gá mi," ni Alábẹ́rẹ́ fèsì, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ kan.

Obìnrin náà ná an títí. Ó ná an, ó bú u, ó lọ, ó padà wá. Alátalẹ̀ tó wà lẹ́yìn páálí gbọ́ gbogbo rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ọjà tí wọ́n ń ná ni ọjà tí iye rẹ̀ tọ́.

Ọdún yípo. Owó wa wá le. Kò sí ẹni tó mọ ìdí rẹ̀ dájú. Àwọn kan ní ìjọba yá owó níbì kan, àwọn kan ní ohun tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ló gbówó lórí lágbàáyé. Dọ́là tí wọ́n ń fi ogún rà tẹ́lẹ̀ wá di mẹ́tàlá. Àwọn ènìyàn jó lójú títì, títí kan àwọn tí ohun tó ń jábọ̀ máa tó wó lù.

Rédíò wá sí ẹ̀yìn ilé, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. "Màmá, wọ́n ní atalẹ̀ yín ń sunkún."

"Atalẹ̀ kì í sunkún. Ẹni tó fi ọwọ́ atalẹ̀ nu ojú ló ń sunkún. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀."

Ṣùgbọ́n Alátalẹ̀ ti ṣírò rẹ̀. Owó tó fi ra atalẹ̀ tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ pọ̀, dọ́là tí Aṣojú sì máa san kò ní ra owó tó tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Aṣojú tún pè, ó ní àwọn ará òkè òkun ní atalẹ̀ ibòmíràn ti rọjú ju tiwa lọ, pé ìdajì ẹrù náà péré ni wọ́n máa gbà. Alátalẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó ṣẹ́ ègé atalẹ̀ kan. Ó dún pà. Ó dáa títí dé inú, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ẹ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ọjà tí wọ́n fi owó gọbọi rà kún pẹpẹ, oníṣòwò ńlá sì ti dín iye tirẹ̀ kù. Gbogbo alábẹ́rẹ́ tó kù ní àdúgbò ní àwọn kò ní dín nǹkan kan kù, pé ohun tí àwọn fi rà á kò kéré. Alábẹ́rẹ́ náà fọwọ́ sí i.

"Ẹ dín in kù," ni Alátalẹ̀ wí.

"A ó pàdánù."

"A ti pàdánù. Nígbà tó gòkè, a ò wo iye tí a rà á. Ní báyìí tó wálẹ̀, kí ló dé tí a fi fẹ́ máa wò ó? Bí àwọn télọ̀ bá mọ ọ̀nà ibòmíràn, àwọn náà la máa pàdánù mọ́ ọn."

"Ìyẹn ni pé, bó gòkè, bó wálẹ̀, èmi ni yóò máa dùn."

"Àwa méjèèjì ni. Atalẹ̀ mi náà ń lọ ní ọ̀fẹ́. Ẹ rò pé ilé wo ni ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀?"

Alábẹ́rẹ́ kò dín in kù lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, Alátalẹ̀ pẹ́ níbi àpò. Ìgbà tó máa dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá télọ̀ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀, ó ti béèrè iye, ó ti yíjú padà, ó ń lọ. Alábẹ́rẹ́ dìde lórí àga. Ó wo páálí, ó wo ẹ̀yìn obìnrin náà tó ń lọ sí òdìkejì títì.

"Ìyáàfin, ẹ padà," ló wí. "Iye àná ni mo pè fún yín."

Ó pe iye òní, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ti dá lé e. Ó kéré sí ohun tí wọ́n fi rà á. Obìnrin náà padà, ó ná an, ó ra páálí méjì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti rán àwọn méjì mìíràn wá. Àwọn alábẹ́rẹ́ tó kù ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà tiwọn, ọjà olówó gọbọi wà lẹ́yìn wọn, kò sí ẹni tó yà síbẹ̀. Owó tí Alábẹ́rẹ́ pa lọ́jọ́ náà ra ọjà tó pọ̀ ju èyí tó tà lọ, torí pé iye oníṣòwò ńlá ti wálẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ san owó àpò atalẹ̀, kí iṣẹ́ ẹ̀yìn ilé má baà dáwọ́ dúró.

Alábẹ́rẹ́ jókòó padà, ó na ẹsẹ̀, ó kọjú sí Rédíò àti Káfíńtà.

"Òwò gba ọpọlọ," ló ń wí, ohùn rẹ̀ ń dé òdìkejì títì. "Ẹni tí kò bá mọ ìgbà tó yẹ kó dín owó ọjà kù, kó lọ máa sá atalẹ̀."

Káfíńtà rí Alátalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí i. Alábẹ́rẹ́ kò rí i. Ó ń bá àlàyé rẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni onílé dé, torí pé owó ọdún tuntun ti tó san. Ó kí Alátalẹ̀, ó gba owó náà, ó yọ ìwé ìgbowó rẹ̀ síta, ó wo ọkùnrin tó ń kọ́ gbogbo títì ní òwò, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Màmá, orúkọ ta ni kí n kọ sí i?"

Alátalẹ̀ tẹ́tí sí ohùn ọkọ rẹ̀ díẹ̀.

"Tèmi ni kẹ́ ẹ kọ."